Oògùn ìsoríkọ́ ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ta ló ń fi ẹnu ọ̀nà àbájáde han àwọn ará Kantamanto?

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2025, iná sọ ní ọjà Kantamanto tó wà láàárín gbùngbùn ìlú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, apá tó pọ̀ jù nínú ọjà náà ti di eérú. Àwọn tó ń kí ara wọn kú ọdún tuntun lánàá ló wá dúró sórí páànù tó ti ká kò, tí wọ́n ń wá ibi tí ìsọ̀ wọn wà tẹ́lẹ̀.

Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa ohun tó jóná níbẹ̀: bélì aṣọ òkìríkà, ẹ̀rọ ìránṣọ, tábìlì onígi, owó tí wọ́n kó pamọ́. Ohun tí kò sí nínú ìròyìn ni oògùn. Ọjà tí nǹkan bí 30,000 èèyàn ti ń jẹun kò lè ṣàìní àwọn tó ń fi oògùn sínú àpò ọ̀rá kékeré lábẹ́ tábìlì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀, oògùn ìtọ̀ ṣúgà náà wà níbẹ̀. Àwọn kan sì wà tí wọn kì í fẹ́ kí ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn rí ohun tí wọ́n ń lò, nítorí pé oògùn ìsoríkọ́ ni.

Ẹ fi ojú inú wo obìnrin kan nínú wọn. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ó jọ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọdún méjì ló ti ń lo oògùn tí dókítà kọ fún un lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Oorun rẹ̀ ti padà, ó ti ń jẹun, ó ti ń bá oníbàárà nájà pẹ̀lú ẹ̀rín. Iná wá jó ìsọ̀ rẹ̀, oògùn jóná, owó tí ì bá fi ra òmíràn náà lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oògùn kọ́ ló kàn báyìí, oúnjẹ ọmọ ló kàn.

Ní ọjọ́ kẹta, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ń ṣe é bí ẹni pé iná mànàmáná ń ṣán án nínú orí ní gbogbo ìgbà tó bá yí ojú. Inú ń rú u, òógùn ń bò ó lóru, àlá burúkú ń jí i. Ó ń sunkún láìsí ìdí, ó ń jágbe mọ́ ọmọ. Ìbátan rẹ̀ kan ní, "Ṣé ìwọ náà rí i? Oògùn yẹn ti di bárakú sí ọ lára." Ẹlòmíràn ní àìsàn ọjọ́sí ló padà dé. Ẹnì kẹta ní kì í ṣe ojú lásán, àwọn tó fi iná sí ọjà ló tún ń bá a jà.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́ràn rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣì í. Ohun tó ń ṣe é ní orúkọ láàárín àwọn dókítà, ó ní ìdí, ó sì ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Ó jẹ́ ìnira tó máa ń tẹ̀lé dídá oògùn ìsoríkọ́ dúró lójijì. Pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó yí i ká tó mọ̀ ọ́n ni ọ̀ràn tó yẹ kí ìjọba, ilé ìwòsàn, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn mọ̀lẹ́bí jókòó lé lórí. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní oògùn yìí. Wọn kì í sọ bí èèyàn ṣe ń kúrò lórí rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Ọ̀pọ̀ oògùn ìsoríkọ́ ló ń ṣiṣẹ́ lórí èròjà kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní serotonin. Ara èèyàn máa ń mọ ohun tó bá ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́, á sì tún ara rẹ̀ ṣe láti bá a gbé. Bí ohun náà bá kúrò ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ara kò tíì rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe padà. Àárín àkókò yẹn ni ìnira wà. Bí ẹni tó ti ru bélì láti òwúrọ̀ bá sọ ẹrù náà kalẹ̀ lójijì, á ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kó tó dúró ṣinṣin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀.

Oògùn kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń pẹ́ sí nínú ara. Fluoxetine máa ń pẹ́, ó lè lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó tán, nítorí náà ìnira rẹ̀ sábà máa ń rọra wá. Paroxetine àti venlafaxine máa ń tètè jáde, àwọn ló sì lókìkí jù nínú fífún èèyàn ní wàhálà. Amitriptyline, oògùn àtijọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní tirẹ̀ náà: inú rírú, òógùn, àìrí oorun sùn, àlá tó le.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1957 ni ìròyìn imipramine, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oògùn ìsoríkọ́ àkọ́kọ́, jáde síta. Nígbà tó fi máa di ọdún 1959, àwọn dókítà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara àwọn tó dá a dúró kì í lélẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn dókítà fi ń sọ pé ìnira náà kò tó nǹkan, pé ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló ń lò. Ọdún 2019 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní gbangba pé ó lè le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn kan.

Èèyàn mélòó ló ń kàn? Ìwádìí ńlá kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Psychiatry gbé jáde ní ọdún 2024 kó èsì iṣẹ́ 79 pọ̀, èyí tó kan èèyàn tó lé ní 21,000. Ó rí i pé nínú èèyàn 100 tó dá oògùn ìsoríkọ́ dúró, nǹkan bí 31 ló ní ìnira kan tàbí òmíràn. Nínú 100 tó jẹ́ hóró tí kò ní oògùn nínú ni wọ́n dá dúró, 17 náà sọ pé nǹkan ń ṣe àwọn. Ìyẹn ni pé a lè di ìnira náà ru oògùn fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́fà tàbí méje. Ti nǹkan bí ẹnì kan nínú 35 máa ń le gan-an. Àwọn onímọ̀ kan sì ti sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wò kò pẹ́ lórí oògùn, pé ti ẹni tó ti lò ó fún ọdún púpọ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun méjì ló wà nínú àwọn nọ́ńbà yìí. Èkíní, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá oògùn dúró tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Èkejì, àwọn tí nǹkan ń ṣe kì í ṣe òpùrọ́, wọn kò sì ya wèrè.

Kì í ṣe bárakú, kì í sì í ṣe pé àìsàn ti padà

Ìbátan tó ní oògùn ti di bárakú ń sọ ohun tó rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń mu tramadol. Ní Accra, Èkó àti Cotonou, kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀dọ́ tó ń ru ẹrù tàbí tó ń wa ọkọ̀ tí oògùn yẹn ti sọ di ẹrú. Ẹni tí tramadol ti di bárakú fún máa ń wá a kiri, á máa fẹ́ púpọ̀ sí i, á máa lò ó láti fi gbádùn orí. Kò sí ẹni tó ń ta fluoxetine ní kọ̀rọ̀ nítorí pé ó ń pa èèyàn bí ọtí. Pé ara ń ráhùn nígbà tí nǹkan kúrò kò sọ nǹkan náà di bárakú. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí ẹ̀jẹ̀ máa ń fò sókè bí èèyàn bá já wọn jù sílẹ̀ lójijì, ẹnikẹ́ni kò sì pe ẹni tó ń lò wọ́n ní ajoògùnyó.

Àṣìṣe ẹnì kejì ló léwu jù, nítorí pé dókítà náà lè ṣe é. Bí wọ́n bá rò pé àìsàn ló padà, wọ́n lè dá obìnrin náà padà sórí oògùn fún ọdún gbọọrọ, kí wọ́n sì sọ fún un pé kò ní lè gbé láìsí i láéláé. Ọ̀nà wà láti mọ ìyàtọ̀. Ìnira ìdádúró oògùn sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí èèyàn dá a dúró tàbí tó dín in kù. Ó máa ń mú ohun tí kò sí nínú àìsàn ti tẹ́lẹ̀ wá, bí òòyì àti iná mànàmáná inú orí. Bí wọ́n bá dá oògùn náà padà, ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìsoríkọ́ tó ń padà bọ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àti oṣù ló fi ń kóra jọ, bí ó ṣe wá ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ní ti ẹni tó sọ pé kì í ṣe ojú lásán, kò sí ẹni tó yẹ kó bá a jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kí wọ́n gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan béèrè ìbéèrè kan kó tó di òru àdúrà: "Ìgbà wo lo lo oògùn rẹ kẹ́yìn?"

Kí ló ń mú wọn dá a dúró?

Iná kì í sọ lójoojúmọ́. Ohun tó ń gba oògùn lọ́wọ́ àwọn èèyàn lójoojúmọ́ kò ní ariwo.

Owó ni àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ra bélì ní Kantamanto kò lè tú u wò kó tó sanwó, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ pé owó èlé ni wọ́n fi ń rà á. Bí aṣọ tó ya tàbí tó ní àbàwọ́n bá pọ̀ nínú rẹ̀, gbèsè ló bí i. Ọ̀sẹ̀ tí bélì bá burú, oògùn ló kọ́kọ́ ń kúrò nínú ìnáwó, torí pé ebi kì í dúró. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Ghana kọjá ìdá 54 nínú 100. Ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí ìjọba jẹ́ kí naira wá iye tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ní oṣù Okudù ọdún 2023, iléeṣẹ́ GSK kéde ní oṣù Ògún ọdún náà pé òun ń kógbá wọlé, owó oògùn sì fò sókè kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn.

Àìsí oògùn ni èkejì. Òfin ìlera ọpọlọ Ghana, Act 846 ti ọdún 2012, jẹ́ òfin tó dára lórí ìwé. Ó dá àjọ Mental Health Authority sílẹ̀, ó sì ní kí àpò owó kan wà fún ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ. Ọdún 2019 ni ìlànà tí wọ́n máa fi mú òfin náà ṣẹ tó jáde, ìyẹn ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀. Ní gbogbo àárín yẹn, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Accra kígbe síta pé oògùn ti tán. Bí ilé ìwòsàn bá ní kí èèyàn lọ rà á níta, tí kò sì rówó rà á, ilé ìwòsàn náà ló dá oògùn rẹ̀ dúró. Kì í ṣe aláìsàn.

Ìtìjú ni ẹ̀kẹta. Ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà kò ní ibi tó máa fi oògùn pamọ́ sí. Kayayei tó wá láti àríwá, tó ń sùn níwájú ìsọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní àpótí. Ìtìjú yìí náà ló ń jẹ́ kí àwọn kan gbà nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ oògùn nù láti fi hàn pé ìgbàgbọ́ wọn dúró. Nínú ìròyìn tí àjọ Human Rights Watch gbé jáde ní ọdún 2012 nípa àwọn àgọ́ àdúrà ní Ghana, wọ́n rí àwọn aláìsàn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀ṣẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń febi pa wọ́n ní orúkọ ààwẹ̀.

Ìrìnàjò ni ẹ̀kẹrin, èyí sì kan Yorùbá gan-an. Yorùbá ti ń gbé Accra láti ayébáyé, àdúgbò Alata tó wà ní James Town sì ń jẹ́rìí sí i. Òfin tí ìjọba Kofi Busia fi lé àwọn àjèjì jáde ní ọdún 1969 tú ọ̀pọ̀ ìdílé ká, síbẹ̀ wọ́n tún padà. Lónìí, ẹni tó ń ṣòwò láàárín Èkó àti Accra lè máa gba oògùn rẹ̀ láti ilé. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró ní Sèmè tàbí Aflao, tí ọjọ́ méjì di ọjọ́ mẹ́fà, ara rẹ̀ ló máa sọ fún un kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

Ìdí karùn-ún ni pé ara ti yá. Èyí ni ìdí tó dùn jù, òun náà ló sì ń tan èèyàn jù. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ kúrò lórí oògùn. Kò sí àìmoore nínú rẹ̀. Ohun tí kò dára ni kó ṣe é ní òru ọjọ́ kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé kò sàn kí wọ́n dákẹ́ nípa rẹ̀?

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ní èsì tó lágbára sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn tó ní ìsoríkọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí kò rí ìtọ́jú kankan ló pọ̀ jù. Bí ìròyìn bá tún gbòde pé oògùn rẹ̀ ń fa wàhálà nígbà tí èèyàn bá dá a dúró, àwọn díẹ̀ tó ń bọ̀ yóò sá, àwọn kan á sì gba àgbo tàbí ààwẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ dídá oògùn dúró jẹ́ ìṣòro àwọn ọlọ́rọ̀ London àti New York.

Ẹ̀rù wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ kò yanjú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń dá oògùn dúró báyìí, yálà wọ́n sọ ọ́ fún wọn tàbí wọn kò sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé òòyì lè kọ́ ọ máa mọ ohun tó ń ṣe é, á sì padà sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí wọn kò sọ fún á gbà pé oògùn ti ba òun jẹ́, á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọjà. Ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń lé èèyàn sá fún ilé ìwòsàn ju ìwé ìkìlọ̀ kankan lọ.

Pé ìṣòro ọlọ́rọ̀ ni kò tún rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́rọ̀ London máa ń yan ọjọ́ tó máa dá oògùn dúró, dókítà á sì wà nítòsí. Lọ́dọ̀ oníṣòwò Kantamanto, owó ló ń yan ọjọ́ fún un, tàbí iná, tàbí ẹnubodè. Ibi tí oògùn ti ń já léraléra ni ìmọ̀ yìí ti wúlò jù. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dé Accra nínú bélì láìpẹ́ rárá. Ó yẹ kí ohun tí àwọn dókítà ibẹ̀ gbà ní ọdún 2019 náà ti dé etí ẹni tó ń tà á.

Ewu tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ọkàn nìkan. Òòyì lórí ẹni tó ru ẹrù kílò 55 lè ṣẹ́ ọrùn. Òòyì lọ́wọ́ ẹni tó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ lè dá iná mìíràn sílẹ̀. Àwọn kan sì wà tí ìnira náà máa ń ti èrò àtipara ẹni sí wọn lọ́kàn.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Gbogbo ìmọ̀ràn tó ń jáde lẹ́nu àwọn onímọ̀ lónìí ló wà nínú òwe yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ dá oògùn ìsoríkọ́ dúró, kó kọ́kọ́ bá ẹni tó kọ ọ́ fún un sọ̀rọ̀, tàbí nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ. Kó yan àkókò tí kò sí wàhálà ńlá nílẹ̀. Oṣù tí ìsọ̀ jóná kì í ṣe àkókò rẹ̀. Kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kó dúró ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan kó tó tún dín in kù. Bí ara bá le, kó padà sí ìwọ̀n tó kẹ́yìn tó rọrùn fún un, kó sinmi níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ìparí ló le jù. Mark Horowitz àti David Taylor ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 2019 nínú Lancet Psychiatry. Mílígíráàmù 20 oògùn citalopram ń di nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 lára ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Bí wọ́n bá dín in kù sí mílígíráàmù 3 àti díẹ̀, ó ṣì ń di nǹkan bí ìdajì. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n kékeré náà ní agbára, láti ibẹ̀ sí òfo sì jẹ́ fífò láti orí àjà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gé hóró oògùn sí méjì, tó rí i pé nǹkan kan kò ṣe òun, fi máa ń ṣubú nígbà tó bá fi ìdajì tó kù sílẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ ìparí ló yẹ kí ìgbésẹ̀ máa kéré sí i. Ó lè gba oṣù púpọ̀, kò sì sí àbùkù níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ni wọ́n ń gé. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe láti máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara, gígé wọn á tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí èèyàn béèrè lọ́wọ́ apòògùn. Kí èèyàn má sì lo tramadol láti fi pa ìnira náà mọ́lẹ̀: òun àti oògùn ìsoríkọ́ papọ̀ lè fa gìrì, ó sì lè da serotonin rú nínú ara débi tó ń pa èèyàn.

Bí oògùn bá ti já lójijì, bí ti obìnrin tí iná jó ìsọ̀ rẹ̀, kó má jókòó sílé kó máa ka ọjọ́. Kó tètè padà sí ilé ìwòsàn, kó sọ orúkọ oògùn náà, ìwọ̀n tó ń lò, àti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti di ti ikú, kò sí àkókò láti fi ṣe ìtìjú. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ghana fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tó ní gbígbìyànjú láti para ẹni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbé èèyàn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá mọ́. Ìtọ́jú ló tọ́ sí i.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe

Nígbà tí iná bá jó ọjà, ìjọba àti àwọn àjọ máa ń kó ìrẹsì, omi, ẹní àti owó wá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú tábìlì kan wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kejì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó béèrè lọ: "Oògùn wo lẹ ń lò tẹ́lẹ̀ tó ti jóná?" Ìbéèrè yìí á gba ẹlẹ́jẹ̀ ríru là, á gba ẹni tó ní wárápá là, á sì gba ẹni tó ní ìsoríkọ́ là láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù.

Kí ilé ìwòsàn fi ọ̀rọ̀ àbájáde sínú ọ̀rọ̀ àbáwọlé. Ní ọjọ́ tí dókítà bá kọ oògùn ìsoríkọ́ fún èèyàn, gbólóhùn méjì tó: "Má dá a dúró lójijì. Nígbà tó o bá fẹ́ dá a dúró, padà wá." Kí wọ́n sọ ọ́ ní Twi, Gã, Dagbani, Hausa àti Yorùbá, nítorí pé ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ kì í sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò kà á.

Kí àwọn ìyálọ́jà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n mọ ẹni tí kò ṣí ìsọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n mọ ẹni tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú náà, tí Yorùbá fi ń gbé ara wọn ró níbikíbi tí wọ́n bá dé, ń dá owó ìsìnkú. Díẹ̀ nínú owó náà lè ra oògùn oṣù kan fún ẹni tó ṣì wà láàyè.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ló kù. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Àrò, Abẹ́òkúta, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó mú kí wọ́n máa gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń sùn nítòsí aláìsàn ló máa kọ́kọ́ rí ohun tó ń yí padà lára rẹ̀. Ìbátan tó bá mọ̀ pé ìnira yìí wà á lè sọ fún ẹni tó ń sunkún lóru pé, "Ara rẹ ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Á rọlẹ̀. Lọ́la, màá tẹ̀lé ọ lọ rí nọ́ọ̀sì."

Láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn iná ọdún 2025, àwọn oníṣòwò Kantamanto ti ń kan pákó, wọ́n ti ń tún tábìlì wọn tò, wọ́n sì ti ń tú bélì. Wọn kò retí kí ọjà dúró padà ní ọjọ́ kan. Kò sẹ́ni tó bú wọn pé wọ́n ń pẹ́. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí oògùn ìsoríkọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún irú sùúrù kan náà, pẹ̀lú ẹnì kan tó mọ ọ̀nà, àti oògùn tí kò ní já títí tó fi máa dé ìsàlẹ̀.